Kí ni "ná" gan-an? Ó ti ń dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́

Dòtun_Kàdúná: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara. Mo mọ̀ pé téèyàn bá náwó, owó ti kúrò lápò nìyẹn. Àmọ́ a dé ọjà Gbági n'Ìbàdàn lánàá, mo ti ń mówó jáde, ìyá ìyàwó mi ní "má tíì sanwó, ná an ná". Wọ́n tún ń sọ lórí fóònù pé ọ̀la ni Ọjẹ́ ń ná. Ọjà fúnra ẹ̀ ń ná kínni? Ẹ là mí lọ́yẹ̀ o.

Ìyá Aláṣọ: Ẹ kú ìnáwó o, àna Ìbàdàn 😂 Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá ń ná ọjà, kọ́bọ̀ ò tíì jáde, iye tẹ́ ẹ fẹ́ rà á lẹ̀ ń sọ. Mo pe léèsì ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, ẹ ní mẹ́jọ, mo ní kò gbà, ẹ fowó kún un, ẹ ní mẹ́wàá, báyìí la ó máa fà á títí á fi dúró síbì kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ná an tí mo ní ẹ mówó wá, ẹ ti rà á nìyẹn o! Ẹ ò gbọdọ̀ tún sọ pé ẹ fẹ́ wo iwájú. Èébú lẹ ń wá yẹn, pàápàá láàárọ̀ kùtù tí mi ò tíì tà.

Adé Mọ́lẹ̀tẹ̀: Ti Ọjẹ́ ni kí n dá sí. Ọjà tó ń ná ni ọjà tọ́jọ́ ẹ̀ pé tí èrò pé síbẹ̀. Ọjà òfì Ọjẹ́ kì í ṣe ojoojúmọ́, ìtàdógún-ìtàdógún ni, àwọn ará Ìṣẹ́yìn á kó òfì wá, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán táwọn alágbàtà á ti dé. Ẹ má fi kàlẹ́ńdà kà á o, a máa ń ka ọjọ́ tòní mọ́ ọn, ìtàdógún tá a ń wí yẹn, ìyẹn mẹ́tàdínlógún, ọjọ́ 16 ni lórí kàlẹ́ńdà.

Dòtun_Kàdúná: Ẹ ṣé gan-an. "Èló ló ná yín" wá ńkọ́?

Ìyá Aláṣọ: Owó tó jáde lápò lẹ ó sọ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ "èló lẹ ná an" ni wọ́n bi yín, iye tẹ́ ẹ fi lọ̀ mí ni. Ẹ sì jọ̀ọ́ ẹ máa fàmì sí i, ẹnì kan kọ "mo na iya eleran" síbí lọ́jọ́sí, mo ti ń bi í pé kí ni ìyá yẹn ṣe tó fi lù wọ́n.