“Kókó ìyá” fún kókó ńlá: orúkọ náà dorí kodò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tó wà nílẹ̀ fún ciliate, àwọn ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan tí irun bò lára, ni pé kí a pe èyí tó tóbi nínú kókó (nucleus) méjì inú wọn ní “kókó ìyá”, kí kékeré jẹ́ “kókó ọmọ”. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Bí Paramecium, ọ̀kan nínú àwọn ciliate, méjì bá so mọ́ra láti ṣe pàṣípààrọ̀ àjogúnbá, kókó ńlá ló ń fọ́ wẹ́wẹ́ tó ń pòórá. Ara kékeré ni ńlá tuntun ti ń jáde. Ta wá ni ìyá níbẹ̀? Iṣẹ́ wọn ni ká fi sọ wọ́n lórúkọ: ńlá tó ń darí jíjẹ àti dídàgbà lójoojúmọ́, “kókó iṣẹ́”, kékeré tó ń pa àjogúnbá mọ́, “kókó ìran”.

Kókó ìran yìí gan-an la fi ń dá àwọn irú Paramecium (P.) mọ̀. P. caudatum ní ẹyọ kan, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì sábà máa ń gùn tó máíkírómítà 200 sí 300. Àwọn P. aurelia ní méjì, wọ́n kúrú jù ú lọ, ìdí wọn sì rí roboto. Ẹ kán aró methyl green tí a fi acetic acid pò sí etí gíláàsì ìbòrí tó bo omi tí wọ́n wà, kí ẹ fi bébà fa omi láti òdìkejì. Kókó á yọ ní àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n kókó ìran caudatum máa ń sá pamọ́ sínú kòtò ara kókó iṣẹ́, ojú tó wò ó látòkè lè má rí i. Ẹ rọra fọwọ́ kan gíláàsì náà kí sẹ́ẹ̀lì yí.

Ní ti cilia, irun ara wọn, “irun àjẹ̀” bá iṣẹ́ wọn mu, torí wọ́n ń ti omi sẹ́yìn bí àjẹ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí àmì ohùn, “irun àjẹ́” lòǹkàwé máa kà! “Irun ìtukọ̀” ló yẹ. Ohun tí Stylonychia, ciliate mìíràn, fi ń rìn lábẹ́ ikùn kì í ṣe ẹyọ irun: ọ̀pọ̀ irun tó lẹ̀ mọ́ra bí òṣùṣù ọwọ̀ ni, tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹsẹ̀. “Òṣùṣù irun” ni kó máa jẹ́, torí iye wọn àti bí wọ́n ṣe tò la fi ń ya irú kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Ẹni tó dá “ẹ̀yà ìrísí” lábàá fún species (irú ẹ̀dá), ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ “ìrísí” kúrò. Ní 1975, Sonneborn, onímọ̀ àjogúnbá ará Amẹ́ríkà, sọ P. aurelia di irú 14, ó fún ìkọ̀ọ̀kan lórúkọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọra wọn lójú máíkírósíkóòpù. Irú tí wọ́n ń gbà láti bá so pọ̀, àti enzyme inú wọn, la fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀.