Báwo ni mo ṣe lè rí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ bàbá àgbà mi ní Néfì?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èpé ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá tó bí ìyá mi jẹ́ ọ̀gá nínú ológun ojú omi. Wọ́n ní Marine, ẹ̀ka ìjọba òyìnbó tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó bọ́ sí Néfì nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1956, àti pé inú ọkọ̀ ogun NNS Nigeria ló wà nígbà ogun abẹ́lé. Wọn ò tíì bí mi tó fi kú. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù: aṣọ funfun báláú, nọ́ńbà kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìdajì ti parẹ́.

Mo ti bi àwọn àgbà Èkó Èpé àti Ìjẹ̀bú Èpé. Kálukú pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀, díẹ̀ ló kù kó dìjà nínú ẹbí! Mo dé ibi àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé ayé òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, n kò rí orúkọ rẹ̀.

Ìyá mi ní bàbá bí ọmọ méjì sí Kàlàbá. Ká sòótọ́, àwọn yẹn gan-an ni mo ń wá.

Ìbéèrè mi: ta ni kí ọmọ-ọmọ kọ lẹ́tà sí ní Néfì, kó lè rí orúkọ ìyàwó àtọmọ tí olóògbé kọ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.