Bí a ṣe dá iye lé iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kàdúná

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Utako, nílùú Àbújá, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́, ilé ìwé àti oníṣòwò, èmi ni mo sì ń ṣírò iye tí a ó gbà. Ní 2024, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọlọ́jà kan ní Kàdúná ní kí a kọ ètò tí àwọn yóò fi máa bójú tó owó ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó. Ọ̀gá wa ní iṣẹ́ náà kò le, nítorí a ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Garki ní 2022. Kí n kàn mú ìwé iye owó ìgbà yẹn, kí n fi díẹ̀ lé e nítorí ọ̀wọ́ngógó.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo bí owó ṣe ń wọlé lọ́dọ̀ wọn ná."

Ní Garki, láti inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, wọn a sì fi àtẹ Excel kan ṣoṣo ránṣẹ́ lóṣooṣù, tí ètò wa yóò kà, tí yóò sì pín sí àkáǹtì kálukú. Ní Kàdúná, agbowó ló ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì àti bírò. Ẹnì kan á san ẹgbẹ̀rún kan náírà, ẹlòmíràn á ní kó padà wá nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró sójú kan nínú ọjà. Fóònù agbowó gbọ́dọ̀ lè kọ owó sílẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, kí owó kan má sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Nínú gbogbo iṣẹ́ wa àtijọ́, èyí tó jọ ọ́ jù níhà yìí ni ètò tí a kọ fún àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ kan ní Suleja, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀yáwó kankan nínú tìyẹn.

Nítorí náà, mo ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: gbígba owó, mo fi wé Suleja; ẹ̀yáwó, èlé àti pípín èrè ọdún, mo fi wé Garki. Function point ni mo fi wọn ìtóbi wọn, ọ̀nà tí Allan Albrecht ti ilé iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1979, tó ń ka ohun tí oníṣẹ́ ń tẹ̀ sínú ètò, ohun tó ń gbà jáde, ìbéèrè tó ń ṣe àti àkọsílẹ̀ tí ètò ń pa mọ́. Bí 100 function point bá gba 900 wákàtí nígbà kan, 9 wákàtí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan; bí tuntun bá jẹ́ 130, láti 1,170 wákàtí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Àwọn agbowó fẹ́ Haúsá lójú fóònù, ìyẹn sì fi kún un.

Wákàtí ni mo ń mú láti inú iṣẹ́ àtijọ́, n kì í mú náírà. Láti oṣù kẹfà 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí dọ́là, tí dọ́là sì ni a fi ń san owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a ń yá láti gbé ètò lé, iye owó 2022 kò wúlò fún mi mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé tí a fún oníbàárà kì í sọ ohun tí iṣẹ́ jẹ ní tòótọ́, nítorí ìdúnàádúrà ti wọ inú rẹ̀; ìwé tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kọ wákàtí wọn sí ni mo ń yẹ̀ wò.

Ohun kan ṣẹ́kù tí kò sí nínú iṣẹ́ wa kankan rí. Mo ní kí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ kan hàn mí. Iye tó wà lórí káàdì ọmọ ẹgbẹ́ kò bá ti inú ìwé akọ̀wé mu, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Mo kọ àtúntò àkọsílẹ̀ náà sí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù.

Àpapọ̀ rẹ̀ ju èyí tí ọ̀gá wa ní lọ́kàn lọ dáadáa. Àlàájà tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ náà kà á látòkèdélẹ̀, ó fi ìka lé ìlà àtúntò, ó ní àwọn ọmọ tí wọ́n wà nílé fún ìsinmi yóò bá wọn ṣe é, kí a yọ ọ́. A yọ ọ́, wọ́n sì buwọ́ lu ìyókù.