Ta ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan tó ń gba ìró sórí ògiri?

Alùdùrù: Yàrá tí mo ti ń gba ohùn sílẹ̀ ń dún bí inú kànga. Bí mo bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ògiri á dá mi lóhùn. Ẹni tó bá ti gbìyànjú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí fún yín?

Ọmọ Onílù: Kírétì ẹyin 40 ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Ariwo ò lọ, aáyán ló dé.

Agbẹ́gi: Aáyán náà fẹ́ gbọ́ orin ni 😂

Ìyá Ìbejì: Kírétì ti fúyẹ́ jù, ìró á kàn gba inú ẹ̀ kọjá ni. Tówẹ̀lì àtijọ́ ni mo lò. Mo kan férémù pákó tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, mo ká tówẹ̀lì sínú ẹ̀ títí tó fi kún dẹ́nu. Ó kún débi pé mo ní láti kúnlẹ̀ lé e lórí kí Bàbá Ìbejì tó lè kan aṣọ bò ó. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni mo rí i pé ó ti kan apá bùbá mi mọ́ ọn.

Ọmọ Onílù: Háà! Ṣé Bàbá mọ̀ pé tówẹ̀lì àwọn wà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ó ṣì ń wá aláwọ̀ búlúù yẹn.

Kò-sí-wàhálà: Ẹ̀yin náà ń yọ ara yín lẹ́nu. Fóòmù sẹ̀ǹtímítà 2 ni mo lẹ̀ yíká, ó parí.

Agbẹ́gi: Àbúrò, ó parí fún ohùn tínrín nìkan. Ìgbì ìró béèsì tó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (100 Hz) gùn ju mítà 3 lọ, kí ni fóòmù pẹlẹbẹ fẹ́ fi í ṣe? Ohun tó nípọn ni kó o gbé sí kọ̀rọ̀, kó o fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Àbí béèsì ò ṣì ń hó lọ́dọ̀ ẹ?

Kò-sí-wàhálà: …ó ń hó díẹ̀.

Afẹ́fẹ́yẹ̀yẹ̀: Rockwool ni mo lò, òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, láìwọ ìbọ̀wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi họra.

Alùdùrù: Ṣé aládùúgbò ò ní gbọ́ mi mọ́ báyìí?

Agbẹ́gi: Á gbọ́ ẹ dáadáa. Èyí ń tún ohùn inú yàrá ṣe ni, kò ní kó má jáde.

Kò-sí-wàhálà: Irọ́ ni, tèmi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ Onílù: Bóyá ó ti kó kúrò ládùúgbò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìró: Ẹ má fi tówẹ̀lì Ìyá Ìbejì ṣeré o. Ní 1895, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní kí Wallace Sabine, olùkọ́ físíìsì níbẹ̀, wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn kan tí ohùn ti ń dún pọ̀ mọ́ra. Tìmùtìmù orí àga tíátà ló ń kó lọ síbẹ̀ lóru, tó ń wo bí ìró ṣe ń tètè kú sí bó ṣe ń fi kún un.

Afẹ́fẹ́yẹ̀yẹ̀: Olè tìmùtìmù ló wá dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìró: Ó ń dá wọn padà kí ilẹ̀ tó mọ́ ni o.

Ọmọ Onílù: Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́? Ó ń dá a padà.

Ìyá Ìbejì: Tèmi ti wà lábẹ́ ìṣó. Kó ra òmíràn.