Ìpèpadà ni, kì í ṣe ìrọ̀lóyè

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe òfin recall tí Gómìnà Hiram Johnson mú wọ ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, èyí tó jẹ́ kí olùdìbò lè fi ìbò lé ẹni tí wọ́n yàn kúrò nípò kí sáà rẹ̀ tó pé, ní "ìrọ̀lóyè". N kò fara mọ́ ọn rárá. Ta ní ń rọ èèyàn lóyè? Ẹni tó ju onítọ̀hún lọ ni: ọba ń rọ baálẹ̀, ìjọba ń rọ ọba. Bí ilé aṣòfin bá lé gómìnà, a ti ní "ìyọnípò" fún ìyẹn.

Iléeṣẹ́ rélùwéè Southern Pacific ló ń darí ìṣèlú California nígbà náà, òun sì ni ọ̀pọ̀ aṣòfin ń bẹ̀rù, wọn ò bìkítà fún olùdìbò. Agbẹjọ́rò tó gbógun ti rìbá ní San Francisco ni Johnson. Lọ́dún 1910, nígbà tó ń du ipò gómìnà, ó wa mọ́tò káàkiri ìpínlẹ̀, ó ń sọ fún àwọn olùdìbò pé òun á lé rélùwéè kúrò nínú ìjọba. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ìdí òfin náà gan-an nìyẹn. Ní oṣù kẹwàá 1911, àwọn olùdìbò dìbò fọwọ́ sí i, òfin náà kò sì yọ adájọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Taft, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kórìíra kí ará ìlú máa lé adájọ́.

Ẹni tí a rán níṣẹ́ là ń pè padà. "Ìpèpadà" á jẹ́ ká bèèrè ẹni tó ránṣẹ́, ìbéèrè yẹn sì ṣe pàtàkì. Lọ́jọ́ ìbò kan náà, àwọn obìnrin California gba ẹ̀tọ́ ìdìbò, àwọn tó ń ránni níṣẹ́ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní 1913, Johnson yìí kan náà fọwọ́ sí òfin tó dí àwọn ará Japan lọ́wọ́ láti ra ilẹ̀ oko. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà wọ́n bí ọmọ onílùú, wọn ò lè dìbò, nítorí náà wọn ò lè pe ẹnikẹ́ni padà. Ó dùn mí pé ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì.

Ẹnìkan ní "ìpèpadà" lè dà bí ìgbà tí wọ́n pe òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi "sílé" kún un: "Àwọn olùdìbò pe Gómìnà Gray Davis padà sílé ní 2003, wọ́n fi Arnold Schwarzenegger rọ́pò rẹ̀." Ta ni yóò ka èyí tí kò ní yé?