Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìrìn àjò tí kò jìnnà sílé, àti ìlú ńlá tí mo ní wákàtí díẹ̀ péré láti lò

Ìsinmi_Dé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún mi nísinmi lẹ́nu iṣẹ́, owó tí mo fi máa ń wọ bàálù lọ́dọọdún sì ti bá nǹkan mìíràn lọ. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé níbi tí mo wà yìí. Ká má parọ́, ọ̀nà ibi iṣẹ́ àti ọ̀nà ilé ìjọsìn nìkan ni mo mọ̀. Tó bá ti kọjá ìyẹn, àlejò ni mí. Mo fẹ́ rìnrìn àjò tí n óò fi máa padà wá sùn sílé. Ìbéèrè kejì: iṣẹ́ máa ń gbé mi gba àwọn ìlú ńláńlá kọjá, nígbà mìíràn fún ọjọ́ kan, nígbà mìíràn fún wákàtí mẹ́fà péré. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń bá fọ́tò ilé gíga kan náà tí gbogbo ayé ń yà padà. Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to orúkọ ibi mẹ́wàá sílẹ̀ fún mi. Ohun tí ẹ ti fi ẹsẹ̀ ara yín ṣe ni kí ẹ sọ.

Awakọ̀Àná:
Ọmọ mi, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ibi tí mo mọ̀ ni n óò ti dáhùn. Wọ bọ́ọ̀sì tí o máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n má sọ̀ níbi tí o máa ń sọ̀. Jókòó títí tí awakọ̀ yóò fi sọ pé ó parí. Sọ̀, rìn káàkiri fún wákàtí kan, kí o wá fi ẹsẹ̀ bọ̀ wá sílé dé ibi tí agbára rẹ bá gbé e dé. Àwọn èrò tí mo gbé, orí fóònù ni ojú wọn máa ń wà. Odò kan wà lábẹ́ afárá tí à ń gbà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Lọ́jọ́ tó kún, tí mo dúró, tí mo ní kí wọ́n wò ó, èèyàn mẹ́ta ló bi mí pé ìgbà wo ni odò dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú ọkọ̀ tèmi, onílé gan-an ni kò ríran.

Àárọ̀ kùtù ni kí o lọ o. Kí o sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò sí.

Alárìnkiri:
Ọ̀rọ̀ Bàbá dùn mọ́ mi nínú. Èmi kì í wá ibi lọ mọ́, ohun kan ni mo máa ń wá tẹ̀ lé. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo, ẹ má fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí òpin rẹ̀: ojú irin tí rélùwéè kò gbà mọ́, ògiri àtijọ́, wáyà iná ńlá, ohun yòówù.

Tèmi jẹ́ odò. Mo ń wo máàpù lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí okùn búlúù tín-ín-rín kan tó gba ẹ̀yìn òpópónà wa kọjá. Ohun tí èmi mọ̀ síbẹ̀ ni gọ́tà. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ bàtà, mo tẹ̀ lé e lọ sókè. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi wọ abẹ́ títì lọ. Mo rò pé ó tán nìyẹn, àfi bí mo ṣe gbọ́ omi lábẹ́ irin tí wọ́n fi bo ihò kan, tó ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Láti ibẹ̀, etí ni mo fi tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan tó ń fọ mọ́tò bi mí pé kí ni mo sọ nù. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó pa omi rẹ̀, ó mú mi lọ sẹ́yìn ọgbà rẹ̀, ó fi òkúta afárá àtijọ́ kan hàn mí tí èpò ti bò. Ó ní òun ò rẹ́ni béèrè rẹ̀ rí. Ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo jáde kí n tó dé orísun. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo bá? Ilẹ̀ rírọ̀ kan lábẹ́ igi, omi tó ń sun níbẹ̀ kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjì lè bò lọ. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Bí ìlú ńlá ṣe máa ń rí nìyẹn, wọ́n á kọ́lé lé odò lórí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, odò Fleet ṣì ń ṣàn lábẹ́ títì títí ó fi wọ inú Thames nítòsí afárá Blackfriars. Ní Seoul, ńṣe ni wọ́n wó títì olókè tó wà lórí odò Cheonggyecheon, tí wọ́n tún odò náà ṣí lọ́dún 2005. Ó ju kìlómítà márùn-ún lọ tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn létí omi láàárín ìlú. Ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè kejì yẹn díẹ̀.

Fún máàpù, ẹ lo OpenStreetMap. Àwọn èèyàn lásán bíi tiwa ló ń yà á láti ọdún 2004, ipa ẹsẹ̀ àti odò kéékèèké sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

ÌyáÌbejì:
Ẹ̀yin tí ẹ lè jókòó ti omi di ìrọ̀lẹ́, ẹ kò ní ọmọ ọdún mẹ́jọ méjì nílé.

Àwọn tèmi ló kọ́ mi. A máa ń mú ẹyọ owó kan dání. Ní gbogbo oríta, a ó jù ú sókè: bó bá dojú délẹ̀, ọwọ́ òsì, bó bá ṣíjú sókè, ọwọ́ ọ̀tún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó yẹn dá wa padà sí iwájú ilé ẹnì kan náà, ìyá àgbà tó ń gbé ibẹ̀ sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó di ẹ̀kẹta. Ó pè wá wọlé. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ló wà níbi tí ilé epo wà báyìí, ó sì ka orúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo ti ń ra epo níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí!

Bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ wádìí eré tí wọ́n ń pè ní geocaching. Àwọn èèyàn á fi àpótí kékeré pamọ́ síta, wọ́n á gbé ibi tó wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn á fi GPS, ìyẹn àmì sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí èèyàn wà, wá a, á kọ orúkọ sínú ìwé tó wà nínú rẹ̀, á dá a padà síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ máa ń da àmì GPS tí ará ìlú ń lò rú. Ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n ṣíwọ́, ọjọ́ kejì gan-an ni ọkùnrin kan ri báàkẹ́ẹ̀tì kan sínú igbó ní Oregon kó lè dán an wò. Báyìí, ó ti kárí ayé. Àwa rí ọ̀kan lẹ́yìn àga tí mo ti jókòó lé ní àìmọye ìgbà.

Ìsinmi_Dé:
Ẹ ṣé gan-an, mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn mi, wọ́n ní bí mo bá ń fi etí gbọ́ gọ́tà kiri àdúgbò, wọn á mú mi. Àníyàn tèmi náà nìyẹn díẹ̀.

Awakọ̀Àná:
Bá mi kí Màmá. Ẹ̀rù wọn kò burú. Sọ ọ̀nà tí o máa gbà fún ẹnì kan nílé, kí iná kún inú fóònù rẹ, má wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìbéèrè. Kí o sì kọ́kọ́ kí gbogbo ẹni tó bá wò ọ́, kó tó bi ọ́ ní nǹkan. Kíkí ni ìwé ìrìnnà mi láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀.

Arìnlálẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti wákàtí mẹ́fà, nítorí iṣẹ́ bíi tiyín ni mo ń ṣe. Ẹ kọ́kọ́ yọ wákàtí méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú bàálù dé pápákọ̀, ẹ yọ àlọ àti àbọ̀ láti ìlú, ẹ yọ ìlà àwọn aṣọ́bodè. Ohun tó kù kì í ju wákàtí méjì lọ. Ẹ tún wádìí bóyá ẹ nílò físà láti jáde ní pápákọ̀, orílẹ̀-èdè mìíràn kì í jẹ́ kí èrò tó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá bọ́ síta rárá. Kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ẹrù. Gbígbé báàgì kiri ló ń ba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ju òjò lọ.

Nínú wákàtí méjì yẹn, ohun tí àwọn ará ìlú ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni kí ẹ wọ̀. Ní New York, ọkọ̀ ojú omi Staten Island kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti 1997, ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ló ń lò, ó sì ń gba iwájú ère Òmìnira kọjá. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ń sùn. Àlejò nìkan ló ń sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Istanbul, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ojú omi fi ń gbé èèyàn láti Yúróòpù lọ sí Éṣíà. Hong Kong ní àtẹ̀gùn tó ń dá rìn tó ju mítà 800 lọ, wọ́n ṣí i lọ́dún 1993. Láti agogo mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́wàá, ìsàlẹ̀ ló ń lọ nítorí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ó yí padà, ó di òkè títí dé ọ̀gànjọ́. Mo dé ibẹ̀ láago mẹ́sàn-án, mo fẹ́ gòkè. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi.

Ní Stockholm, inú ilẹ̀ ni kí ẹ wà. Ibùdókọ̀ rélùwéè tó ju 90 lọ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ya nǹkan sí, tíkẹ́ẹ̀tì kan sì tó láti rí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ohùn_Kejì:
Bọ̀ọ̀dá Arìnlálẹ́, ìlú mẹ́rin lẹ ti kọ tán yìí, ẹni náà sì ní kí a má to ibi sílẹ̀ fún òun o.

Mo fara mọ́ Alárìnkiri: ohun kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ní ọ̀sán kan ní Lọ́ńdọ̀nù, mo wọ British Museum tí wọn kì í gbowó ìwọlé, mi ò ya ibì kankan, ọ̀dọ̀ orí idẹ Ifẹ̀ ni mo lọ tààrà. Ọdún 1938 ni wọ́n hú u jáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì dé ọ̀hún. Mo dúró níwájú rẹ̀ bí ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú rẹ̀, bí ètè rẹ̀ ṣe pa dé, ihò kéékèèké tó yí ẹnu rẹ̀ ká. Èrò ń wá, wọ́n ń yà fọ́tò, wọ́n ń lọ. Ìbínú àti ayọ̀ jọ ń bá mi jà, n ò ní purọ́. Mi ò rí òmíràn nínú ilé ńlá yẹn, kò sì dùn mí.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Greenwich, mo fi ẹsẹ̀ rìn lábẹ́ odò Thames. Ihò tí wọ́n ṣí lọ́dún 1902 ni, ó gùn tó mítà 370, ó sì tutù. Ẹ bá mi pe orúkọ ara yín níbẹ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dáhùn.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Mo ti gba ìlú kan kọjá rí nítorí mùsíọ́ọ̀mù kan, àfi ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi wọn ni. Ẹ̀bi mi ni, ó wà lórí ìkànnì wọn gàdàgbà. Ní Páríìsì, Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Túsìdeè, Orsay kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ mọ́ra lódì yóò kàn máa wo ògiri ni.

Alárìnkiri:
Bó bá jẹ́ pé òkè ni ẹ ṣáà fẹ́ dé kí ẹ ya fọ́tò yín, ilé ìjọba ìlú Tokyo ní yàrá ìwòran ní àjà 45, mítà 202 sókè, ọ̀fẹ́ ni. Mo gbà pé ó dára. Ṣùgbọ́n Tempelhof ní Berlin ni mo fẹ́ràn jù: pápákọ̀ tí wọ́n tì ní 2008, tí wọ́n ṣí fún ará ìlú ní 2010. Kẹ̀kẹ́ ni mo gùn lórí ibi tí bàálù ti ń sáré, atẹ́gùn sì ń gbá mi lójú.

Ìsinmi_Dé:
Mo ti padà dé o! Ọjọ́ kẹrin ìsinmi rèé. Mo wọ bọ́ọ̀sì dé òpin gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, ó sú mi, mo fẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe lábẹ́ òrùlé páànù, aago ara ògiri bí ogójì, kò sí méjì tó sọ àkókò kan náà. Mo bi í pé èwo ló tọ̀nà. Ó ní èyí tí oníǹkan ti san owó rẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní àga, mo lo wákàtí méjì níbẹ̀. Mo rìn padà dé ìdajì ọ̀nà kí bàtà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lẹ́sẹ̀. Fọ́tò kan péré ni mo yà, ti àwọn aago.

Màmá ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ní àwọn mọ odò kan tí àwọn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àwọn ò mọ ibi tó wọlé sí.

ÌyáÌbejì:
Àh! Màmá tó ní wọn á mú yín?

Ìsinmi_Dé:
Àwọn náà ni, mà. Wọ́n ti ń wá ẹyọ owó báyìí.

Awakọ̀Àná:
Jẹ́ kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò sí.