"Ayọjú" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "aparẹ́"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tẹ́ ẹ kó jọ fún àwa tá à ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe nínú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ ohun tó wà nínú omi tó ń ṣàn gba ojú ihò tín-ín-rín. "Atọ́nà ìmọ́lẹ̀" fún ohun tó ń darí ìmọ́lẹ̀ gba ojú ọ̀nà kan (waveguide) dáa gan-an, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. "Ìṣesí ìmọ́lẹ̀" náà sàn ju "ìwà ìmọ́lẹ̀" táwọn kan ń kọ, torí ìmọ́lẹ̀ ò níwà, ohun tó ń ṣe la rí. Sẹ́ńsọ̀, ẹ jẹ́ ká kúkú máa pè é ní sẹ́ńsọ̀. "Afura" yẹn dùn létí o, àmọ́ èèyàn máa ń fura kó tó rí ẹ̀rí ni, sẹ́ńsọ̀ sì rèé, ẹ̀rí gan-an ló ń kó wá.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà ni "ìgbì aparẹ́".

Ẹni tí ò bá wa bẹ̀rẹ̀, ohun tá à ń sọ nìyí: ìmọ́lẹ̀ wà nínú gíláàsì, omi wà lẹ́yìn gíláàsì, tí ìmọ́lẹ̀ náà bá wá dà gẹ̀rẹ̀ kọ lu ògiri tó wà láàárín wọn, tí igun ẹ̀ sí ìlà tó dúró ṣánṣán lórí ògiri yẹn ti lé ní nǹkan bíi 61 dígírì, kò ní lè jáde, gbogbo ẹ̀ ló máa padà sínú gíláàsì. Àmọ́ kì í padà lójú ògiri gan-an, ó máa kọ́kọ́ nawọ́ díẹ̀ sínú omi ná. Díẹ̀ yẹn ni òyìnbó ń pè ní evanescent, inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un, nǹkan tó ń pòórá ni ìtumọ̀ ẹ̀, ẹ̀yin náà sì tú u bẹ́ẹ̀ tààrà, ẹ pè é ní "ìgbì aparẹ́".

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi sí kọ́ọ̀bù onígíláàsì, ẹ dì í mú, kẹ́ ẹ wá máa wo ara kọ́ọ̀bù náà látòkè gba inú omi. Ṣe lara ẹ̀ máa dán bíi dígí, ẹ ò ní rí ìka yín rárá. Ẹ wá rẹ ìka yín díẹ̀ kẹ́ ẹ fún kọ́ọ̀bù yẹn dáadáa. Kíá, ìlà ọwọ́ yín á yọ wínníwínní, ibi tó ga lára ìlà náà nìkan o, àárín ìlà kan sí ìkejì ṣì máa dán bíi fàdákà. Ìmọ́lẹ̀ tó yọjú síta ni awọ ìka gbá mú kó tó ráyè padà. Tó bá jẹ́ pé ó ti parẹ́ ni, kí ni ìka yín wá mú?

Ìṣirò gan-an ò gbè "aparẹ́" lẹ́yìn. Ẹ mú gíláàsì 1.52, omi 1.33 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń falẹ̀ tó nínú wọn), ìmọ́lẹ̀ pupa tí ìgbì ẹ̀ gùn tó 633 nánómítà (tá a bá pín mítà kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ọ̀kan níbẹ̀ ni nánómítà), igun 70 dígírì. Tó bá fi máa rìn bíi 100 nánómítà wọnú omi, agbára ẹ̀ á ku bí ìdá 37 nínú 100, tó bá tún rin 100 míì á ku bíi 14, lẹ́yìn ìyẹn bíi 5, ó kàn ń dín kù ni, kò síbi tó ti di òdo.

Ọmọ kan tí mò ń kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣòfò ọ̀sẹ̀ kan. Ọgbọ́n tí Kane Yee gbé jáde ní 1966 ló ń lò, kéèyàn gé ààyè sí àpótí kéékèèké kó máa ṣírò ìmọ́lẹ̀ látinú ọ̀kan bọ́ sí ìkejì, ló bá gé ìṣirò ẹ̀ mọ́ ojú ògiri. Ó pààrọ̀ iyọ̀ inú omi lẹ́ẹ̀mẹta, èsì ò mira. Mo bi í pé omi dà, ó ní ṣebí ó ti parẹ́ níbẹ̀. A fi àpótí oní-10 nánómítà kún un lẹ́yìn ògiri, èsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ìgbì ayọjú" ni mo ní ká máa pè é, àmọ́ ẹnì kan ní "yọjú" ti jẹ mọ́ kéèyàn wá sípàdé. Bẹ́ẹ̀ ni, kó wá, kó sì tún lọ, kí ló burú ńbẹ̀? Tó bá tiẹ̀ wá kan nǹkan tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ti di ayọjúràn nìyẹn, iṣẹ́ tá a sì gbé e fún gan-an nìyẹn :)

Ọ̀kan ṣẹ́kù. "Iye ìyà" tẹ́ ẹ ní ká máa pe 1.33 àti 1.52 yẹn, mo mọ̀ pé torí ìmọ́lẹ̀ ń yà lọ́nà ni, àmọ́ ta ló máa gbọ́ "ìyà omi jẹ́ 1.33" tí ò ní rẹ́rìn-ín? Kì í sì í ṣe yíyà ni nọ́ńbà yẹn ń kà, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń falẹ̀ tó ni, nǹkan bíi 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí ò ti sí nǹkan kan, 225,000 péré nínú omi. "Iye ìfalẹ̀" ni mo dábàá. Ẹ wò ó bó ṣe bá èyí tó kù mu: bí iyọ̀ bá ṣe ń pọ̀ nínú omi ni iye ìfalẹ̀ ẹ̀ ń lọ sókè, ìmọ́lẹ̀ á sì máa yọjú jìnnà sí i.

Nínú fáìlì tèmi, mo ti pààrọ̀ ẹ̀ báyìí: ìgbì ayọjú, ìwọ̀n ìyọjú (ibi tó máa yọjú dé kí agbára ẹ̀ tó ku ìdá 37 nínú 100), bíi 100 nánómítà.